Kí ni composition nínú After Effects? Orúkọ tí mo yí níbì kan ń yí níbi gbogbo

Onífọ́tòÀkúrẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Fọ́tò ni mò ń yà ní Àkúrẹ́ níbí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ After Effects, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń mú kí àwòrán àti ọ̀rọ̀ máa rìn, nítorí pé àwọn oníbàárà ò fẹ́ àwòrán tó dúró sójú kan mọ́. Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi báyìí ni ti màmá kan tó fẹ́ ṣe ọdún 80. Àwọn ọmọ ń fẹ́ fídíò kékeré tí wọ́n máa gbé sí WhatsApp, wọ́n sì ń fẹ́ òmíràn tí yóò máa yí lójú LED nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà.

Bí mo bá ti ṣí sọ́fítíwíà yìí, New Composition ló kọ́kọ́ máa ń kọ sí mi. Mo kàn ń tẹ OK ni, mi ò mọ ohun tí mò ń fọwọ́ sí. Mo ṣe káàdì orúkọ (orúkọ tó máa ń hàn lórí fídíò) fún àkọ́bí màmá, mo wá tẹ Ctrl+D kí n lè rí méjì sí i fún àwọn àbúrò rẹ̀. Bí mo ṣe yí orúkọ ti ẹnì kejì, ti àkọ́bí náà yí. Ẹni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá ń jẹ́ orúkọ kan. Kí ni composition yìí gan-an, kí ló sì dé tó ń ṣe báyìí?

BàbáÀwòrán
O kú iṣẹ́, àbúrò. Ti orúkọ yẹn ń bọ̀, jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìdí ọ̀rọ̀.

Gbogbo ohun tí o bá kó wọlé, fọ́tò ni o, fídíò ni o, orin ni o, inú Project panel ni wọ́n ń lọ. Níbẹ̀, wọn ò tíì ṣe nǹkan kan. Inú composition, tí gbogbo wa ń gé kúrú sí comp, ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Fọ́tò tí o bá fà síbẹ̀ ti di layer nìyẹn: ó ti ní ibi tó dúró sí, ó ti ní ìgbà tó ń wọlé àti ìgbà tó ń jáde. Layer tó bá wà lókè nínú timeline (ibi tí àwọn layer tò sí pẹ̀lú àkókò wọn) ló ń bo èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá kọ ọ̀rọ̀ tí kò rí i mọ́ máa ń rò pé ó ti parẹ́, fọ́tò ló wà lórí rẹ̀.

Ó yá, àpótí tí ò ń tẹ OK sí. Ó kọ́kọ́ ń béèrè fífẹ̀ àti gíga, pixel (àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) ló fi ń wọ̀n wọ́n. Pixel Aspect Ratio wà nítòsí wọn, fi í sí Square Pixels, kí o má bá a ṣeré. Frame rate ni iye àwòrán (frame) tí yóò kọjá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Duration ni gígùn comp náà. Àwọ̀ ẹ̀yìn ló kù. Comp kọ̀ọ̀kan ló ní gbogbo nǹkan wọ̀nyí fúnra rẹ̀, ó sì ní timeline tirẹ̀ lọ́tọ̀. Nínú project kan ṣoṣo, o lè ní comp tó fẹ̀ fún LED, o lè ní èyí tó ga fún fóònù, kí èkíní má sì mọ̀ pé èkejì wà.

Ctrl+K ni o máa fi padà sí ètò yẹn nígbàkigbà. Ṣùgbọ́n mọ̀ pé tí o bá yí fífẹ̀ comp padà lẹ́yìn tí o ti to nǹkan sínú rẹ̀, àwọn layer ò ní fẹ̀ tàbí kéré tẹ̀lé e. Ọwọ́ rẹ ni wàá fi tún wọn tò. Ìdí nìyí tí kò fi dáa kéèyàn kàn máa tẹ OK.

Bí o bá ní fídíò kan tó o fẹ́ kí comp bá mu, fà á sórí àmì New Composition nísàlẹ̀ Project panel. Comp tó máa jáde yóò gba fífẹ̀, frame rate àti gígùn fídíò náà.

JagunKeyframe
Fi frame rate sí 25 kí o sinmi. PAL, ìlànà tẹlifíṣọ̀n tó ń lo frame 25, ni ilẹ̀ wa ń lò, 25 ni tiwa.

OnífíìmùÌdànrè
Jagun, ta ló sọ fún ẹ pé ó ń gbé e lọ sí tẹlifíṣọ̀n? Ọkùnrin náà ní WhatsApp àti LED. Fóònù ni àwọn ẹbí máa fi ya fídíò tí wọ́n máa kó fún un, 30 sì ni ọ̀pọ̀ fóònù ń yà bí wọ́n bá gbé e jáde nínú páálí. Tó bá ju fídíò 30 sínú comp 25, frame márùn-ún ni yóò máa ṣòfò ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Tí kámẹ́rà bá ń yí lọ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, ojú rẹ á rí i pé ó ń já.

JagunKeyframe
Iná ilẹ̀ wa ń kọ́? 50 Hz ni. Ya fídíò ní 30 lábẹ́ gílóòbù tí kò dáa, kí shutter (ìgbà tí kámẹ́rà fi ń ṣí ojú fún frame kọ̀ọ̀kan) wà ní 1/60 ìṣẹ́jú-àáyá, kí o wo bí ìlà dúdú ṣe máa rìn lójú àwòrán. 25 pẹ̀lú shutter 1/50 kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

OnífíìmùÌdànrè
Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ comp. Ìlà tó bá ti wọ inú fídíò ti wọ̀ ọ́ nìyẹn, comp ò lè yọ ọ́. Ẹni tó bá sì fẹ́ ya 30 lábẹ́ iná wa lè fi shutter sí 1/100.

BàbáÀwòrán
Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ rọra. Ọmọ yìí ń kọ́ṣẹ́ ni.

Àbúrò, wo ohun tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n kó fún ọ, kí o tẹ̀lé e. Bí ó bá jẹ́ fídíò fóònù ló pọ̀, 30. Bí ó bá jẹ́ fọ́tò àti ọ̀rọ̀ nìkan ni gbogbo rẹ̀, èyí tó wù ọ́ ni, ṣùgbọ́n fídíò ìṣẹ́jú-àáyá 30 jẹ́ frame 750 ní 25, ó jẹ́ 900 ní 30. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń lọ́ra mọ èyí tó máa yàn. Èyí tó ṣe pàtàkì ni pé kí gbogbo comp inú iṣẹ́ kan náà jọ ní frame rate kan.

Onífọ́tòÀkúrẹ́
Ẹ ṣeun gan-an, sà. Fídíò fóònù ló pọ̀, nítorí náà mo ti yí gbogbo rẹ̀ sí 30. Nǹkan míì tún ṣẹlẹ̀. Nínú comp káàdì, mo fi àwọ̀ ẹ̀yìn sí funfun, ó sì dáa lójú. Bí mo ṣe gbé comp káàdì náà sínú comp ńlá, funfun yẹn ò sí níbẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ nìkan ló wọlé.

ÌyáÌbejìOǹdó
Ẹ káàsán gbogbo ilé. Oǹdó ni mo ti ń kọ̀wé, iṣẹ́ ìgbéyàwó àti ti òkú àgbà ni mò ń ṣe jù.

Funfun tí o fi sí Background Color kì í ṣe ara àwòrán. Wọ́n fi síbẹ̀ kí ojú rẹ lè rí ohun tí ò ń ṣe ni. Níbi tí layer kò bá dé nínú comp, òfìfo ni. Tẹ bọ́tìnnì Toggle Transparency Grid lábẹ́ àwòrán, wàá rí i pé onígun mẹ́rin kéékèèké ló wà níbi tí o rò pé ó funfun. Bí o bá fẹ́ funfun tòótọ́, tẹ Ctrl+Y, solid (layer aláwọ̀ kan ṣoṣo) máa jáde, fún un ní àwọ̀ funfun kí o gbé e sísàlẹ̀ pátápátá. Layer nìyẹn, ibi tí comp bá lọ ló máa bá a lọ. Òfìfo yẹn sì wúlò o: òun ló jẹ́ kí káàdì orúkọ lè jókòó sórí fídíò láì bo ojú ẹni tó wà lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká wá dá a lóhùn lórí orúkọ, nítorí òun gan-an ló bèèrè. Ohun tí o tẹ Ctrl+D lé lórí kì í ṣe káàdì. Inú comp ńlá lo wà, layer tó ń tọ́ka sí comp káàdì ni o ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Comp káàdì fúnra rẹ̀ ṣì jẹ́ ẹyọ kan nínú Project panel. Fèrèsé mẹ́ta lo là sára ògiri, àgbàlá kan náà ni wọ́n ń wò. Bí ẹnì kan bá gbé àga sínú àgbàlá yẹn, fèrèsé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa rí àga.

Nítorí náà, lọ sínú Project panel, yan comp káàdì níbẹ̀, kí o tẹ Ctrl+D. Èkejì máa jáde, ó dá dúró. Ṣí i, yí orúkọ inú rẹ̀. Padà sí comp ńlá, yan layer kejì, di Alt mú, kí o fa comp tuntun láti Project panel sórí rẹ̀. Ó máa gba ipò èyí tó wà níbẹ̀, keyframe (àmì tó ń sọ ibi tí layer máa wà ní àkókò kan) tó o ti ṣe fún ìrìn rẹ̀ ò ní bàjẹ́.

Jọ̀ọ́, fún wọn lórúkọ: Kaadi_Akobi, Kaadi_Keji, Kaadi_Abikeyin. Ẹni tó bá ní Comp 1 títí dé Comp 27 nínú project ń wá ìyọnu ni.

JagunKeyframe
Mà, tó bá jẹ́ ọmọ mẹ́sàn-án ni màmá bí ń kọ́? Comp mẹ́sàn-án? Tí àkọ́bí bá wá ní àwọ̀ ewé lòun fẹ́ dípò pupa, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án lẹ máa yí i.

ÌyáÌbejìOǹdó
Ìbéèrè tó dáa nìyẹn, Jagun, ó yẹ kéèyàn mọ ọ̀nà méjèèjì. Fún ọmọ mẹ́sàn-án, comp kan ṣoṣo ni mo máa lò. Ṣí Essential Graphics láti inú mẹ́nù Window, yan comp káàdì níbẹ̀ bíi Primary, lẹ́yìn náà fa Source Text (ọ̀rọ̀ tí a kọ gan-an) ti layer ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀. Ní comp ńlá, bí o bá ṣí layer káàdì kọ̀ọ̀kan, wàá rí Essential Properties, ibẹ̀ ni o ti máa kọ orúkọ ẹni kọ̀ọ̀kan. Àwọ̀ àti ìrìn ṣì wà ní ibì kan. O yí àwọ̀ lẹ́ẹ̀kan, mẹ́sẹ̀ẹ̀sán yí. Láti ọdún 2018 ló ti wà, Master Properties ni wọ́n ń pè é nígbà yẹn. Mi ò mọ ìdí tí àwọn tó ń kọ́ni lórí YouTube fi máa ń fò ó.

Nítorí náà, ohun tó ń yọ Onífọ́tòÀkúrẹ́ lẹ́nu ni àwa ń fi jẹun. Káàdì mẹ́ta tó ń yí pa pọ̀ kì í ṣe àìsàn.

Akẹ́kọ̀ọ́Ọ̀wọ̀
Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ya ẹnu sí i. Bí mo bá yan layer tí mo tẹ Ctrl+Shift+C, Pre-compose, tó ń kó layer sínú comp tuntun, máa ń bi mí bóyá kí n Leave all attributes tàbí kí n Move all attributes. Èwo ni ká máa mú? Nígbà míì, ti àkọ́kọ́ kì í ṣeé tẹ̀ rárá.

ÌyáÌbejìOǹdó
Ti àkọ́kọ́ ò ní ṣeé tẹ̀ bí layer tí o yàn bá ju ẹyọ kan lọ.

Gbà pé o ní fọ́tò màmá nígbà tó wà ní ọmọge. O ti fún un ní keyframe tó fi ń rọra sún mọ́ni, o sì ti fi effect kan sí i kí àwọ̀ rẹ̀ lè dà bí ti àtijọ́. Bí o bá mú Leave, fọ́tò nìkan ló máa wọ inú comp tuntun. Ìrìn àti effect máa dúró níta, lára layer tó kù sí comp ńlá. Comp tuntun náà máa ní ìwọ̀n fọ́tò gẹ́lẹ́. Èyí ni mo máa ń mú bí mo bá mọ̀ pé wọ́n ṣì lè pààrọ̀ fọ́tò, ẹbí kan ò sì sí tí kì í pààrọ̀ fọ́tò. Mo wọ inú comp kékeré, mo ju fọ́tò tuntun sí i, mo jáde.

Bí o bá mú Move, gbogbo rẹ̀ ló ń wọlé, pẹ̀lú keyframe pẹ̀lú effect, comp tuntun á sì ní ìwọ̀n comp tí o wà. Layer tó kù níta máa mọ́ tónítóní, bíi pé o ò tíì fọwọ́ kàn án. Bí o bá fẹ́ kó ọ̀rọ̀, férémù àti òjìji jọ kí wọ́n lè máa rìn pa pọ̀, Move ni.

OníLED
Èmi ni mo máa ń gbé LED lọ sí òde ní Àkúrẹ́ àti agbègbè rẹ̀. Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ kí ọmọ yìí tó gbé 1920 × 1080 wá bá wa lọ́jọ́ òde.

Ògiri LED kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n. Pánẹ́ẹ̀lì la ń tò pọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní P3.91 túmọ̀ sí pé mílímítà 3.91 ló wà láàárín iná kan sí èkejì. Pánẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ mílímítà 500 lọ́nà méjèèjì ní pixel 128 × 128. Bí mo bá to ògiri tó fẹ̀ ní mítà 4, tó ga ní mítà 2, pánẹ́ẹ̀lì 8 wà lọ́nà fífẹ̀, 4 wà lọ́nà gíga: 1024 × 512 ni gbogbo pixel tí mo ní. Ìlọ́po méjì gíga ni fífẹ̀ rẹ̀, 16:9 sì ni tìrẹ. Yálà kí n gé orí àti ẹsẹ̀ fídíò rẹ, tàbí kí n nà án kó kún ògiri, kí màmá ọlọ́jọ́ ìbí sì sanra lójú gbogbo àlejò.

Pe ẹni tó ni LED kí o tó ṣí comp. Bi í pé: pixel mélòó lọ́nà fífẹ̀, mélòó lọ́nà gíga? Tí kò bá mọ̀, bi í P mélòó ni pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ àti mélòó ló ń kó bọ̀, kí o ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ.

Onífọ́tòÀkúrẹ́
Ha! Mo ti pè wọ́n báyìí. 1024 × 512 náà ni wọ́n sọ. Ti WhatsApp sì jẹ́ 1080 × 1920. Ṣé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ṣe gbogbo iṣẹ́ náà ni?

BàbáÀwòrán
Rárá o. Ibí gan-an ni comp inú comp ti ń san owó rẹ̀ padà.

Ṣe káàdì orúkọ sínú comp tirẹ̀. Férémù fọ́tò náà, comp tirẹ̀. Àkọlé tó ń sọ pé màmá pé 80, comp tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, ṣí comp ńlá méjì, ọ̀kan 1024 × 512, èkejì 1080 × 1920, kí o kó àwọn kéékèèké náà sínú méjèèjì. Lójú LED, fọ́tò lè wà lápá òsì kí ọ̀rọ̀ wà lápá ọ̀tún. Lójú fóònù, fọ́tò lókè, ọ̀rọ̀ nísàlẹ̀. Títò wọn nìkan ló yàtọ̀. Bí àbíkẹ́yìn bá pè lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú òde pé ẹ ò fi Dókítà síwájú orúkọ òun, ibì kan lo máa tún un ṣe.

Àwọn comp kéékèèké náà, jẹ́ kí wọ́n tóbi díẹ̀ ju bí o ṣe máa lò wọ́n lọ. Comp tí o bá fẹ̀ ju ìwọ̀n rẹ̀ máa ṣú bàìbàì. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tàbí shape ló wà nínú rẹ̀, tẹ àmì oòrùn kékeré ara layer rẹ̀ nínú timeline, Collapse Transformations nìyẹn. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ yóò máa dán bó ti wù kó o fẹ̀ ẹ́ tó. Fọ́tò ò ní jèrè ju ohun tí pixel rẹ̀ gbé lọ. Mọ̀ pé àmì oòrùn yẹn tún ń ṣí ààlà comp kékeré: ohun tó yọ síta etí rẹ̀, tí o rò pé o ti gé, lè fara hàn ní comp ńlá.

Akẹ́kọ̀ọ́Ọ̀wọ̀
Tèmi máa ń parí sójú ọ̀nà. Comp mi jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 10, mo sọ ọ́ di 30, àmọ́ láti 10 lọ dúdú ni.

JagunKeyframe
Comp lo fà gùn, àwọn layer inú rẹ̀ ṣì dúró sí 10. Fọ́tò, ọ̀rọ̀ àti solid, fa ìparí wọn dé 30, wọ́n á tẹ̀lé ọ. Bí layer náà bá jẹ́ comp, kò ní gbà, kò lè gùn ju bó ṣe wà nínú lọ. Wọ inú rẹ̀, Ctrl+K, sọ òun náà di 30, fa àwọn layer inú rẹ̀, kí o tó padà jáde wá fa tìta.

Onífọ́tòÀkúrẹ́
Ẹ̀rọ mi wá ń lọ́ra bí ìgbín. GB 8 ni RAM rẹ̀. Bí mo bá tẹ spacebar, ìlà aláwọ̀ ewé yẹn máa ń rìn díẹ̀, á dúró.

OnífíìmùÌdànrè
Ṣírò rẹ̀. Frame kan ní 1080 × 1920 jẹ́ bíi MB 8.3 nínú RAM tí project bá wà ní 8 bits. Ní 30, ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo ti sún mọ́ MB 250. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, GB 2 àbọ̀. Windows àti sọ́fítíwíà náà sì ti jẹ nínú GB 8 yẹn kí o tó dé. Lábẹ́ àwòrán, yí Full sí Half: pixel máa dín sí ìdá mẹ́rin, nítorí náà RAM tí frame kọ̀ọ̀kan ń jẹ náà máa dín sí ìdá mẹ́rin. Ohun tí ojú rẹ ń rí nìkan lo dín kù, fídíò tó máa jáde ṣì wà ní Full. Tún fi bọ́tìnnì B (ìbẹ̀rẹ̀) àti N (ìparí) sàmì sí ibi tí ò ń ṣiṣẹ́ lé lórí, kó má máa wo gbogbo comp.

Nígbà tí o bá fẹ́ gbé e jáde, comp ńlá ni o máa yàn kí o tó tẹ Ctrl+M. Mo ti rí ẹni tó render káàdì orúkọ dípò gbogbo iṣẹ́ nítorí pé timeline káàdì ló wà níwájú. Láti ẹ̀dà tó jáde ní oṣù kẹwàá 2022, H.264, irú fídíò tí fóònù ń lò, ti padà sínú Render Queue (ibi tí After Effects ti ń gbé fídíò jáde), kò di dandan kó o gba ọ̀dọ̀ Media Encoder, sọ́fítíwíà Adobe mìíràn, mọ́.

Onífọ́tòÀkúrẹ́
Mo fẹ́ lọ render rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ mi, tirẹ̀ lágbára, ó sì ní ẹ̀rọ amúnáwá. Ṣé kí n kàn gbé project náà sí flash?

ÌyáÌbejìOǹdó
Project nìkan kò ní gbé fọ́tò dání, ibi tí wọ́n wà lórí ẹ̀rọ rẹ nìkan ló mọ̀. Lọ sí File, Dependencies, Collect Files. Ó máa kó project àti gbogbo ohun tó ń lò sínú fódà kan. Fọ́ǹtì ni kì í kó, ìwọ ni kó o dà á kọ síbẹ̀ kí o fi sórí ẹ̀rọ ọ̀rẹ́ rẹ kí o tó ṣí i. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó máa fi fọ́ǹtì míì rọ́pò rẹ̀, àmì orí àti ìsàlẹ̀ orúkọ àwọn ọmọ màmá lè di àpótí òfìfo.

Onífọ́tòÀkúrẹ́
Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ lórí tèmi gan-an, mà. Ọ̀ tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ ń jáde bí àpótí.

ÌyáÌbejìOǹdó
Fọ́ǹtì tó o lò kò ní wọn nìyẹn. Noto Sans tàbí Noto Serif, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, wọ́n sì ní gbogbo àmì wa. Wọ inú comp káàdì, yí fọ́ǹtì níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí o wá wo comp LED àti ti WhatsApp bóyá ọ̀rọ̀ ò yọ síta férémù, nítorí lẹ́tà Noto lè fẹ̀ ju ti fọ́ǹtì tó o lò tẹ́lẹ̀.